Àlọ́ Orin Pẹ̀lú Bàbá Ìfọ́n

Igbe ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ pè é. Fèrè kan ni, irú èyí tó máa ń dún láti inú imú bí ẹni tí òtútù mú, tí àwọn òyìnbó máa ń fi ṣáájú nínú orin wọn àtijọ́. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlobù, mò ń ṣa ẹ̀wà, fóònù mi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni ohùn náà bá jáde. Wọ́n ní ká sọ ohun èlò tó ń dún, ká sì sọ ẹni tó kọ orin náà sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo rò pé kò sí ohun tí wọ́n lè gbé síwájú mi tí mi ò ní mọ̀. Mo yára kọ ọ́ pé, "Èyí kì í ṣe fèrè o, ewúrẹ́ ẹnì kan ló ń ké lẹ́yìn orin yín." Gbogbo gúrúùpù ló fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, ni ọ̀gá akọrin wa fi mí sínú gúrúùpù náà lórí fóònù. Àwọn tó fẹ́ràn orin kílásíkà ló wà níbẹ̀: àwọn atẹdùrù, àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Orin tí à ń wí yìí kì í ṣe orin tí èèyàn ń jó sí. Orin ìjókòó ni, orin tí wọ́n fi gòjé òyìnbó, fèrè àti dùrù hun pọ̀ bí ẹní, tí àwọn tó kọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí bàbá ńlá wa. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan á gé díẹ̀ nínú irú orin bẹ́ẹ̀, á fi ránṣẹ́, á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àlọ́ o!" Gbogbo wa á dáhùn pé, "Àlọ̀!" Lẹ́yìn náà ni kálukú á máa já a. Kò sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀. Ìyìn lásán ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìyìn náà bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn àkàrà. Mo há orúkọ àwọn òkú òyìnbó sórí, mo ń fi pọ́n ara mi lé lójú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọkọ mi tó jẹ́ wẹ́dà máa ń sọ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, àwọn òkú rẹ tún ti ń pè ọ́." 

Ọkùnrin kan wà nínú gúrúùpù náà tí kì í fi ojú ara rẹ̀ hàn. Àwòrán dùrù àtijọ́ kan ló gbé síbẹ̀. Bí wọ́n bá pa àlọ́, òun kì í yára. Ó máa ń jẹ́ kí gbogbo wa pariwo tán, kó tó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ará wa ò ṣìnà jù. Ahọ́n esùsú méjì ni wọ́n so pọ̀ sẹ́nu fèrè yẹn, òun ló ń mú un ké bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un gbọ́, ẹ ó rí i pé ẹkún ni." Mo tún un gbọ́. Ẹkún ni lóòótọ́.

A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìmọ ara wa. Nígbà tó yá, ó kan ọkùnrin náà láti pa àlọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orin kan, ó gbà á sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe ń gbọ́ dùrù náà ni mo ń gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Eku ilé, eku ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó bá ti jẹ ẹ́, ó ti kú nìyẹn!" Mo mọ ohùn yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi. Ọkùnrin kan ló máa ń gun alùpùpù yí Ẹ̀rìn, Ìfọ́n àti Ìlobù ká, tó ń ta oògùn eku. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ti kọjá lójúde wa, tó dorí kọ ọ̀nà Ìfọ́n. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "Mi ò mọ ẹni tó kọ orin o, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń ta oògùn eku. Ìfọ́n ni ẹni tó pàlọ́ yìí ń gbé." Ẹ̀rín tún sọ. Kò pẹ́ ni fóònù mi dún.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí?" ni ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn wí.

Mo ní, "Olùkọ́ ni mí ní Ìlobù, sà. Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Ìlobù! Ọlọ́run mi. Mo ti ń wá ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ orin látọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, àṣé ẹnu ọ̀nà mi ló wà! Ọmọ mi, ọjọ́ wo lò ń bọ̀?"

Bí mo ṣe di ará ilé Bàbá Ìfọ́n nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ti fún ọkọ àti àwọn ọmọ lóúnjẹ, màá gun ọ̀kadà lọ. Ọ̀nà náà kò jìn. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ kò lè sọ ibi tí Ìlobù ti parí àti ibi tí Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà àgbà ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló sì ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Dùrù tí à ń wo àwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀ wọn, irú èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ kó tó lè mí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ta á dànù nígbà tí wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù, Bàbá sì gbé e wálé bí ẹni gbé arúgbó tí àwọn ọmọ kọ̀ sílẹ̀. Màmá, ìyàwó wọn, máa ń sọ pé, "Orogún mi nìyẹn. Kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀ èèyàn, òun ni wọ́n sì fẹ́ràn jù." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ fún mi.

Àlọ́ ni Bàbá fi kọ́ mi. Wọ́n á tẹ orin díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wò mí. Èmi á ti la ẹnu, màá ti fẹ́ dárúkọ òyìnbó kan. Wọ́n á ní, "Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Etí ni kó o fi gbọ́ ọ, má fi orúkọ gbọ́ ọ. Kí ló ń ṣe ẹni tó kọ ọ́?" Ó máa ń ni mí lára, nítorí orúkọ nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ibi tí orin ti ń bẹ̀bẹ̀, ibi tó ti ń yangàn, ibi tó ti ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tó padà wá mú un. Àwa méjèèjì wá ń pa àlọ́ pọ̀ fún gúrúùpù. Bàbá á tẹ dùrù, èmi á gba ohùn sílẹ̀, a ó jókòó máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wá a kiri bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn. 

Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún mi. Wọ́n ti kọ orin kan fúnra wọn, sáàmù kan tí wọ́n fi èdè wa ṣe ní ọ̀nà àwọn àgbà olórin òyìnbó, ohùn mẹ́rin tó ń lé ara wọn kiri tí wọ́n wá pàdé lópin. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ohùn kọ ọ́ rí. Ìfọ́n ní obìnrin tí ohùn wọn ń dún bí agogo, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọkùnrin tó lè gbé báàsì. Àwa ní Ìlobù, ọkùnrin ló kún inú akọrin wa, àgbẹ̀ àti awakọ̀ tí ohùn wọn ń mi àga. Bàbá ní, "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bá mi pè wọ́n." 

Mo pè wọ́n. Inú ọ̀gá akọrin wa dùn, ó ní ká fi ṣe orin Kérésìmesì ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì. Bàbá kọ ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní sófà, ìyẹn dò-re-mí, tírébù fún àwọn obìnrin Ìfọ́n, báàsì àti tẹ́nọ̀ fún àwọn ọkùnrin Ìlobù, áàtò fún èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan láti ìhà méjèèjì. Odidi orin náà, níbi tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó lórí ara wọn, wà lórí dùrù ní pálọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, a sì fi àwọn akọrin náà kún gúrúùpù Sátidé wa. Ìgbà kan péré ni a kọ ọ́ dé ìdajì láìdúró. Nígbà tí báàsì wọlé lábẹ́ tírébù, Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí dùrù, wọ́n jẹ́ kí a máa lọ fúnra wa, wọ́n yí ojú sí fèrèsé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó báyìí pé wọn kò fẹ́ ká rí ojú wọn.

Ìjà ààlà ilẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwọn ìlú wa. Àwọn òbí wa ti bá a, wọ́n sì ti fi í lé wa lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi oko lé wa lọ́wọ́. Mi ò ní sọ ẹni tó kọ́kọ́ ju òkò. Bí mo bá sọ ọ́ ní Ìlobù, wọ́n á gbà, bí mo bá sọ ọ́ ní Ìfọ́n, wọ́n á ní irọ́ ni, kò sì ní jí ẹnikẹ́ni dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà ní kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn òbí ń sáré wọlé wá fa ọmọ wọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn fa ọmọ ọlọ́mọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, èéfín ti ń yọ níhà méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi tó wà lójú ọ̀nà jóná pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wẹ́dà tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba kó ṣọ́jà wá, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó gbogbo ìdílé rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, a sùn sílẹ̀ bí igi ìdáná.

Màmá ló pè mí. Ohùn wọn kò gbọ̀n, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"A ti wà ní Òṣogbo, ọmọ mi. Ilé ti jóná."

"Yéè! Bàbá ńkọ́, mà?"

"Wọ́n wà níbí. Wọ́n jókòó."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, alábòójútó gúrúùpù wa, ọkùnrin kan tó wà ní Èkó, fi orin ránṣẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Àlọ́ o!" Àwọn èèyàn ń dáhùn, "Àlọ̀!" Mo kọ ọ́ pé ilé Bàbá Ìfọ́n ti jóná pẹ̀lú dùrù wọn. Wọ́n bá wa kẹ́dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin báàsì wa bèèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ dáná sun ilé ẹnìkejì rẹ̀?" Obìnrin kan láti Ìfọ́n dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ti jọ mu omi nínú ife kan ní pálọ̀ Bàbá ló ń pe ara wọn ní ẹranko. Alábòójútó kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, orin nìkan la bá wá síbí." Kò burú láti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ tí mo bá wà ní Èkó. Kí ọjọ́ náà tó parí, gbogbo ará Ìlobù àti Ìfọ́n ti jáde nínú gúrúùpù àfi èmi àti àwòrán dùrù yẹn.

Nígbà tí wọ́n dẹ kónílé-ó-gbélé díẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ kí Bàbá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi.

Ó ní, "Ará Ìfọ́n lo fẹ́ lọ kí. Ìwọ tí ò ń jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sun."

Mo ní, "Bàbá kọ́ ló sun ún."

Ó ní, "Èmi náà kọ́ ni mo sun tiwọn." Ó gbé ojú kúrò. Kò ní kí n má lọ. 

Yàrá kan ni ìbátan Màmá yọ̀ǹda fún wọn ní Òṣogbo. Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀wù ẹlẹ́wù tó tóbi jù wọ́n lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì gbé e kúrò. Mo rò pé orin yóò là wọ́n lójú. Mo mú fóònù jáde, mo ní, "Bàbá, àlọ́ o." Wọn kò dáhùn. Mo tẹ orin kan tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi, ti ará Jámánì kan tí etí rẹ̀ di tó sì ń kọ orin lọ. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí.

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó ti kúrò lórí wọn ni, tàbí wọn kò fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́. Màmá fi orí ṣàpẹẹrẹ sí mi pé kí n dákẹ́. Bàbá wá ní, "Ṣé ẹ ṣì ń kọrin ní Ìlobù?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Mo ti yí "ó dáa" yẹn wò láti gbogbo ìhà, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Odidi orin wọn ti bá dùrù jóná. Mo wá rò pé bí mo bá lè kó ìwé ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó kéré tán, nǹkan kan yóò kù. Áàtò wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ bá àwọn ọkùnrin wa. Ẹni tó ń gbé báàsì dáadáa jù ní òun ti fi ìwé tòun dáná, òun kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àbúrò rẹ̀ ti bá ìjà náà lọ, kí ni kí n sọ fún un? Mo pe àwọn obìnrin Ìfọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kò gbé e. Ọ̀kan ló kọ̀wé sí mi, ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara jù nínú wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́. Àwọn ará ilé mi ń wò mí." Áàtò nìkan kì í ṣe orin. Ohùn àárín ni, ohùn tó ń dúró de àwọn yòókù. Bí mo bá kọ ọ́ nínú ilé, àwọn ọmọ mi á bi mí pé kí ló dé tí orin náà kò lọ síbì kankan.

Bàbá kú nígbà òjò. Kì í ṣe àìsàn tó lórúkọ. Wọ́n kàn ń kéré sí i, bí Màmá ṣe sọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìfọ́n ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé òkú gba ọ̀nà yẹn ní àkókò náà. Òṣogbo ni wọ́n sin wọ́n sí, láàárín àwọn òkú tí wọn kò mọ̀. Mo lọ. Mo rí kíbọ́ọ̀dù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó jókòó sí i. Mo lọ bá àkọ́bí Bàbá, mo sọ fún un pé bí wọ́n bá fẹ́, màá tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Ó kí mi dáadáa. Ó bi mí pé, "Níbo lẹ ti wá, mà?"

Mo ní, "Ìlobù."

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sí mi. Ojú tì í, mo rí i. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ bá wa jókòó sẹ́yìn." Mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n kọrin láìsí ohun èlò kankan, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń kọ.

Nígbà tí a jáde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní mo ṣeun, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n béèrè ọkọ mi. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tán lẹ́nu mi, mo sọ ohun tí à ń sọ látọjọ́ tí a ti dáyé. Mo ní, "Ẹ bá mi kí ilé o, mà."

Màmá wò mí. Wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Ilé wo, ọmọ mi?"

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Màmá ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí wọn, ibẹ̀ jìnnà, a sì máa ń kí ara wa nígbà ọdún. Ṣọ́jà ti kúrò lójú ọ̀nà, àwọn tó ń lọ sí Òṣogbo ń kọjá láìyà síbì kankan. Ọkọ mi ti yá ẹ̀rọ kan, ó ń ṣe wẹ́dà níwájú ilé. Akọrin wa ti ń kọrin padà, àwọn orin kúkúrú tí kò nílò ohùn púpọ̀. Mo ṣì wà nínú gúrúùpù. Orin ń wọlé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo máa ń gbọ́ ọ parí, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò kàn kì í dáhùn. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe bàbá. Mi ò bá wọn jiyàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí nígbà mìíràn pé ìgbà wo làwọn lè lọ bá àwọn ọmọ Ìfọ́n gbá bọ́ọ̀lù bíi ti tẹ́lẹ̀, màá sì ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ ná. Àwọn tó kọ́kọ́ bi mí nínú wọn ti jáde ìwé mẹ́fà.